Ọlọ́wọ́-Lápò àti Tábìlì Ìránṣọ Ìyá Wa

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kì í yọ ọwọ́ òsì rẹ̀ lápò bó bá ń ṣiṣẹ́. Àwọn ará àdúgbò rí i bẹ́ẹ̀ títí ó fi sú wọn, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Ọlọ́wọ́-Lápò. Ẹni tí kò bá mọ ìdí rẹ̀ á rò pé ìgbéraga ni. Èmi mọ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti kìlọ̀ fún mi pé bí ọ̀rọ̀ náà bá gba ẹnu mi dé etí Bàbá, irin gbígbóná tí òun fi ń yọ́ òjé lòun máa fi lẹ̀ mí lẹ́nu. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa jí kọ̀ǹpútà àtijọ́ dìde. Kì í ṣe àwọn pẹlẹbẹ tí gbogbo èèyàn ń gbé sábẹ́ abíyá lóde òní o. Àwọn baba ńlá wọn ni mò ń wí, àwọn tí ẹ̀yìn wọn yọ gọngọ bíi ti tẹlifíṣọ̀n ayé ọjọ́un, tí wọ́n máa ń kùn bí arúgbó kí wọ́n tó dá ọ lóhùn. Àwọn iléeṣẹ́ ń dà wọ́n sí ààtàn, òun ń lọ kó wọn níbẹ̀. Bó bá tún inú wọn ṣe tán, kò ní dá wọn padà sínú ike tí wọ́n gbé wá sáyé. Ó ní ike náà ti pọ́n bí eyín amutábà, ó sì ti ń fọ́ bíi bísíkíìtì. Inú nǹkan mìíràn ló ń kó wọn sí. Ó ti fi ọ̀kan sínú àpótí aṣọ arìnrìn-àjò, tó jẹ́ pé bí o bá ṣí ìdérí rẹ̀, ojú kọ̀ǹpútà á dìde lójú oorun, á sì máa wò ọ́. Ó ti fi ọ̀kan sínú aago ara ògiri. Ó fi òmíràn sínú ilé ẹyẹ onírin, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan sì rà á, ló bá ń gbé e kiri bí ẹni pé òun ló bí i.

Ta ló ń gé igi rẹ̀? Ta ló ń fá a, tó ń lẹ̀ ẹ́, tó ń kùn ún? Èmi káfíńtà ni, àbíkẹ́yìn ilé wa. Bí Àǹtí bá ti wọlé tó ní, "Àbúrò mi àtàtà," mo ti mọ̀ pé wàhálà dé nìyẹn. N kì í ṣe àtàtà lọ́jọ́ tí kò bá sí igi tí wọ́n fẹ́ gé.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ tó wà lápò yẹn kò le láti yé èèyàn. Gíláàsì ojú àwọn kọ̀ǹpútà wọ̀nyí máa ń fi iná pamọ́. O lè yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀ kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí o lọ jẹun, kí o na ẹ̀yìn díẹ̀, kí o tó padà wá, iná yẹn á ṣì wà níbẹ̀ tó ń dúró dè ọ́. Abẹ́ ìdérí rọ́bà kékeré kan tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn gíláàsì ló máa ń sá pamọ́ sí. Kí ẹ̀gbọ́n mi tó fọwọ́ kan ohunkóhun níbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ tú iná náà dànù: á so wáyà mọ́ irin sukurudíráfà, á há orí kejì wáyà náà mọ́ férémù irin tó yí gíláàsì ká, á wá ti ẹnu sukurudíráfà bọ abẹ́ rọ́bà náà. Bó bá dún "tá!" báyìí, ó ti tú nìyẹn. Ní gbogbo àsìkò yìí, ọwọ́ òsì gbọ́dọ̀ wà lápò. Bó bá jẹ́ ọwọ́ kan ṣoṣo ló wà nínú ẹ̀rọ, tí iná sì gbá a, á dùn ún, á sì ṣépè. Bó bá jẹ́ ọwọ́ méjèèjì, iná á gba ọ̀kan wọlé, á gba èkejì jáde, àyà ló sì máa gbà kọjá. Bàbá onítẹlifíṣọ̀n tó kọ́ ọ níṣẹ́ sọ fún un pé, "Fi ọwọ́ òsì rẹ sápò, kí o gbàgbé pé o ní in." Bàbá náà ti sin ọ̀rẹ́ kan tí kò gbàgbé.

Wàyí o, Bàbá tiwa. Akọ̀wé àgbà ni ní iléeṣẹ́ omi kó tó fẹ̀yìn tì. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀, ṣùgbọ́n kì í fi ọ̀wọ̀ ṣeré. Nígbà tí a wà ní kékeré, bó bá na nǹkan sí ọ, ìbáà ṣe igi ìṣáná kan ṣoṣo, tí o fi ọwọ́ kan gbà á, á fà á padà, á sì máa wò ọ́. Kò ní sọ nǹkan kan. Á máa wò ọ́ títí ọwọ́ kejì á fi jáde wá láti ibi tó sá sí. "Bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun," orin rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀kọ́ náà wọ̀ wá lára débi pé títí di òní, bí àgbàlagbà bá na nǹkan sí mi, ọwọ́ mi méjèèjì á ti jáde kí n tó mọ ohun tó fẹ́ fún mi. Lọ́jọ́ kan, mo béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ arúgbó kan. Ó na ọ̀pá rẹ̀ láti júwe fún mi, mo bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ wá wo irú baba bẹ́ẹ̀ tó ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà yàrá iwájú, tó rí ọmọ rẹ̀ obìnrin tó dúró gbọnrangandan, ọwọ́ kan lápò, bí ọmọọ̀ta. Ó máa ń dúró, á tẹ orí ba díẹ̀, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá." Ọmọ tó bí ló ń kí bẹ́ẹ̀! Àǹtí á kúnlẹ̀, á yọ ọwọ́ lápò, ṣùgbọ́n Bàbá á ti kọjá. Kò wọ yàrá yẹn rí láti ọjọ́ tí iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Inú máa ń bí mi. Mo sọ fún Àǹtí pé kó là á yé e.

"Kí n là á yé e kẹ̀?" ló wí. "Bí Bàbá bá gbọ́ pé nǹkan tó lè pa mí wà nínú yàrá yẹn, ọjọ́ yẹn gan-an ló máa fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Jẹ́ kó máa rò pé mi ò lẹ́kọ̀ọ́. Ìyẹn ò pa ẹnikẹ́ni."

Bí a ṣe ń bá a yí nìyẹn, títí wọ́n fi wó ṣọ́ọ̀bù Bọ̀ọ̀dá.

Bọ̀ọ̀dá ni àkọ́bí ilé wa, onígbàjámọ̀ ni. Wọ́n ń fẹ títì, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì bọ́ sí abẹ́ katakata. Ó wá bá Bàbá, ó ní yàrá iwájú kọjú sí títì, ibẹ̀ ló yẹ fún ìgérun, kí Àǹtí kó pàǹtí rẹ̀ lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Yàrá ẹ̀yìn ń jò. Bí òjò bá rọ̀, àgbá la fi ń gbè é níbẹ̀, omi àti àwọn ẹ̀rọ yẹn kò sì gbọdọ̀ ríra. Kí yàrá iwájú lọ túmọ̀ sí pé iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi parí. Bẹ́ẹ̀ Bọ̀ọ̀dá kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ní ọmọ nílé, ó sì ti ń gé irun àwọn oníbàárà rẹ̀ lábẹ́ igi bí ẹni tó ń bọ́ awọ ewúrẹ́. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ilé ò rọgbọ mọ́. Àwọn méjèèjì á pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á kí ara wọn bí àlejò.

Bàbá pè wá sí pálọ̀. Ó ti ronú ọ̀rọ̀ náà.

"Gbogbo ayé ló ń sọ pé ọmọ mi ń jí kọ̀ǹpútà dìde," ló wí. "Tèmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi. Kò sẹ́ni tó bi mí nípa rẹ̀ rí."

Òótọ́ ni. Nígbà tí iléeṣẹ́ omi ra tuntun, Bàbá kò jẹ́ kí wọ́n da èyí tó fi ṣiṣẹ́ láti ìgbà èwe rẹ̀ nù. Ó gbé e wálé, ó dá aṣọ bò ó. Ó tàn fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó kú.

"Jí i," ni Bàbá wí. "Bí mo bá fi ojú ara mi rí i pé ó ṣiṣẹ́, yàrá iwájú di tìrẹ títí ilẹ̀ á fi gbà mí. Bí kò bá ṣiṣẹ́, yàrá náà di ti ẹ̀gbọ́n rẹ, kí n má sì gbọ́ ìkùnsínú. Ṣé ó tẹ́ ẹ lọ́rùn?"

Bọ̀ọ̀dá ní ó tẹ́ òun lọ́rùn. Àǹtí kúnlẹ̀. "Ó tẹ́ mi lọ́rùn, sà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ jẹ́ kí n fi í sínú tábìlì ìránṣọ Ìyá wa."

Aránṣọ ni Ìyá wa, ìdí tábìlì yẹn ló ti tọ́ wa. Orí ẹ̀rọ ìránṣọ náà ti lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ lẹ́yìn tí Ìyá kú, ṣùgbọ́n Bàbá kò jẹ́ kí tábìlì kúrò ní yàrá rẹ̀. Orí rẹ̀ ló ń fi awò ojú rẹ̀ sí. Ó wo Àǹtí títí, lẹ́yìn náà ó wá yíjú sí mi.

"Ìwọ. O ò gbọdọ̀ gé e."

Mo ní mi ò ní gé e. Mi ò sì gé e. Igi tábìlì yẹn dára ju gbogbo igi tí wọ́n ń tà lóde òní lọ, káfíńtà tó bá fi ayùn kàn án, Ọlọ́run á bi í. Ihò tí orí ẹ̀rọ ìránṣọ máa ń sùn sí ni mo lò. Mo kan férémù igi yí i ká, gíláàsì kọ̀ǹpútà jókòó síbẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, pátákó ìtẹ̀wé bọ́ sí dúrọ́ọ̀ tí Ìyá wa máa ń kó òwú sí. Àǹtí ló ronú kan irin ẹsẹ̀. Ó so bọ́tìnnì ìtanná mọ́ ọn lábẹ́, tó fi jẹ́ pé bí èèyàn bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ bí ẹni fẹ́ ránṣọ, kọ̀ǹpútà á jí. Nígbà tó fi hàn mí, ojú mi ṣe omi. Mo ní eruku igi ni.

Ọjọ́ tí Bàbá dá pé. Bọ̀ọ̀dá ti fi ọmọlanke ti àga ìgérun rẹ̀ dé iwájú ilé, ó gbé dígí ńlá rẹ̀ lé orí rẹ̀. Ó ní kí iṣẹ́ má baà pẹ́ ni. Mo ní ó kú àmọ̀jù. Àǹtí ti ń nu tábìlì náà láti àárọ̀, ibi tó ti mọ́ ló sì ń nù.

Bàbá wọ yàrá iwájú. Ó wọ ẹ̀wù tó máa ń wọ lọ síbi iṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ó wo ògiri yíká, ó wo àwọn ẹ̀rọ tó wà nínú àpótí àti nínú aago, kò sọ pé ó dára, kò sọ pé kò dára. Nígbà tójú rẹ̀ dé orí tábìlì Ìyá wa, ó dúró.

"Ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, Bàbá," ni Àǹtí wí.

Bàbá na ẹsẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ náà kùn. Gíláàsì náà mọ́ díẹ̀díẹ̀, gbogbo wa sì nà síwájú. Ìlà kan ṣoṣo ló yọ, ìlà aláwọ̀ ewé tẹ́ẹ́rẹ́, tó lọ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì. Kò sí lẹ́tà, kò sí nǹkan kan mìíràn.

Bọ̀ọ̀dá rẹ́rìn-ín. "Ṣé ìlà yìí náà ni kọ̀ǹpútà?"

"Òjé kan tó lẹ wáyà pọ̀ ló sán lẹ́yìn rẹ̀," ni Àǹtí wí. "Ibi kékeré ni. Kò ní pẹ́ rárá. Bàbá, ẹ fún mi láyè díẹ̀."

"Àdéhùn ni pé kó ṣiṣẹ́," ni Bọ̀ọ̀dá wí.

"Mo ti gbọ́ ẹ," ni Bàbá dá a lóhùn. Ó yíjú sí Àǹtí. "Tún un ṣe."

"Ẹ jókòó sí pálọ̀ ná, Bàbá. Bó bá ti yá, mo máa pè yín."

"Mo ní ojú ara mi ni màá fi rí i. Ibí ni mo wà."

Àǹtí yọ púlọ́ọ̀gì. Ó tú pátákó ẹ̀yìn tábìlì náà, ẹ̀yìn gíláàsì sì hàn, pẹ̀lú rọ́bà dúdú tó lẹ̀ mọ́ ọn. Bàbá wà ní òdìkejì tábìlì, ó ń wò ó. Àǹtí so wáyà mọ́ sukurudíráfà, ó há orí kejì mọ́ férémù irin. Ó mí kanlẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì sápò.

"Níwájú mi náà?" ni Bàbá wí.

Yàrá náà gbóná lójijì. Bọ̀ọ̀dá ní, "Ẹ rí i fúnra yín, Bàbá."

"Yọ ọwọ́ rẹ lápò."

Ó yọ ọ́. Ó wo ọwọ́ náà bí ẹni tí kò mọ ibi tó máa gbé e sí. Mo la ẹnu. "Bàbá, ọwọ́ yẹn..." Àǹtí wò mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo sì pa ẹnu dé. Ó wá kúnlẹ̀ níbi tó wà. "Bàbá, ẹ dákun, ẹ forí jì mí. Iṣẹ́ yìí ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀." Ó dìde, ó dá ọwọ́ náà padà sápò.

Mi ò rí i rí kí ẹ̀gbọ́n mi làágùn bẹ́ẹ̀. Ó ti ẹnu sukurudíráfà bọ abẹ́ rọ́bà. Kò dún. Ó tún un tì, kò dún. Rọ́bà náà ti gbó, ó ti le bí ojú ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, ẹnu irin kò sì wọlé dé ibi tó yẹ. Ẹlòmíràn á ní bóyá iná ti tán níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kì í gba "bóyá" gbọ́. Ó fi sukurudíráfà lé etí tábìlì, ó wá fi ìka ọ̀tún ṣí etí rọ́bà náà díẹ̀díẹ̀ kó lè rọ̀. Ọ̀nà tó yẹ kọ́ nìyẹn, ó sì mọ̀, ṣùgbọ́n Bọ̀ọ̀dá ń mi ẹsẹ̀, Bàbá ń mí gúlegúle, ọmọlanke sì wà lójú fèrèsé.

Sukurudíráfà yí, ó já bọ́ síwájú ẹsẹ̀ Bàbá. Wáyà rẹ̀ já kúrò lára rẹ̀.

Bàbá tẹ̀ ba. Orúnkún rẹ̀ dún. Ó mú un nílẹ̀, ó sì nà án kọjá lórí tábìlì náà, ọwọ́ ọ̀tún, bó ṣe yẹ kí àgbà na nǹkan.

"Gbà."

Kò sí ọjọ́ kan láyé rẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ kan gba nǹkan lọ́wọ́ Bàbá. Mo rí i tí aṣọ àpò rẹ̀ mì. Mo rí ọwọ́ òsì tó jáde, láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, bí ọmọ tí bàbá rẹ̀ pè. Ọwọ́ ọ̀tún kò tíì kúrò lábẹ́ rọ́bà. Mo pariwo, "Àǹtí!" Ariwo mi kò bá a. Ọrùn ọwọ́ òsì fara kan férémù irin, ìka ọ̀tún yọ̀ lọ bá ìkọ́ irin tí iná sá pamọ́ sí lábẹ́ rọ́bà, "tá!" tó yẹ kó ti ẹnu sukurudíráfà jáde sì dún lára ẹ̀gbọ́n mi.

Ó fò sẹ́yìn. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ gbá ẹ̀yìn gíláàsì, ọrùn gíláàsì ṣẹ́, afẹ́fẹ́ sì wọ inú rẹ̀, ṣììì. Orí Àǹtí gbá ògiri, ó sì jókòó sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Kò mí.

Bàbá ń pe orúkọ tí Ìyá wa máa ń pè é ní kékeré. Mi ò gbọ́ orúkọ yẹn láti ọjọ́ pípẹ́. Bọ̀ọ̀dá ló fò kọjá, ó gbá a láyà, ó tún gbá a, ó ń sunkún, ó ń ṣépè, ó ní, "O ò ní kú lé mi lórí! O ò ní kú nítorí yàrá!" Àǹtí fa èémí kan, gúlegúle, bí ẹni tó jáde lábẹ́ omi. Bọ̀ọ̀dá gbé e jáde. Ó fi èjìká ti àga ìgérun kúrò lórí ọmọlanke, àga ṣubú sí títì, dígí ńlá fọ́ yángá. Kò wẹ̀yìn wò. Ó tẹ́ Àǹtí sórí ọmọlanke náà, ó sì ń tì í, ó ń sáré, ó ń pariwo kí àwọn èèyàn yàgò, títí dé ilé ìwòsàn tó wà nípẹ̀kun òpópónà.

Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ń lù ségesège, pé wọn ò ní jẹ́ kó lọ sílé títí yóò fi wálẹ̀. Wọ́n ní kí a dúró síta. Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé sukurudíráfà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo sọ nípa iná tó máa ń dúró, nípa bàbá onítẹlifíṣọ̀n, nípa àpò. Mo sọ ìdí tí Àǹtí kò fi jẹ́ kó mọ̀. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú, nítorí inú ń bí mi sí gbogbo èèyàn lọ́jọ́ náà, títí kan èmi fúnra mi. Bàbá gbọ́ mi dópin.

"Ó ti fi ọwọ́ náà sápò," ló wí. "Ó ti wà lápò. Kí ló wá yọ ọ́ fún?"

Ó yí sukurudíráfà náà padà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Èmi ni mo na nǹkan sí i," ló wí. "Èmi ni mo kọ́ ọ." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, láìbo ojú, níwájú àwọn nọ́ọ̀sì àti gbogbo ẹni tó ń kọjá.

Ọkàn Àǹtí wálẹ̀ padà. Wọ́n jẹ́ kí a wọlé. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ń gbọ̀n lórí aṣọ ìbora, kò sì lè dá a dúró. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé gíláàsì náà fọ́?"

"Ó fọ́."

Ó yíjú sí ògiri. "Yàrá ti lọ nìyẹn."

Bọ̀ọ̀dá ní òun ò fẹ́ yàrá kankan mọ́, kí wọ́n má dárúkọ yàrá létí òun. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ jẹun, gbogbo wa ló sì mọ̀. Nígbà tí a gbé Àǹtí dé ilé, a bá Bàbá ní pálọ̀ tó ń fa àga rẹ̀ jáde, àga onítìmùtìmù tí kò sẹ́ni tó ń jókòó sí i àfi òun. Mo ní kó jẹ́ kí n bá a gbé e, ó ní kí n yàgò.

"Kí ẹ̀gbọ́n rẹ máa gé irun àwọn èèyàn ní pálọ̀," ló wí. "Pálọ̀ náà kọjú sí títì."

"Níbo lẹ̀yin á máa jókòó, Bàbá?" ni Bọ̀ọ̀dá bi í.

Bàbá wọ́ àga náà lọ sí yàrá iwájú, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì Ìyá wa, ó sì jókòó síbẹ̀.

Ó pẹ́ kí Àǹtí tó rí gíláàsì mìíràn. Ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó lè fọwọ́ kàn án. Ó máa ń dúró níwájú rẹ̀, á fi ọwọ́ òsì sápò, ọwọ́ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, á sì jáde lọ fọ abọ́ tó ti mọ́. Ẹ̀rù ń bà á, ó sì sọ fún mi bẹ́ẹ̀. Ó ní iná kọ́ ló ń ba òun lẹ́rù. Ọwọ́ òun ni. Ó ní òun ò mọ ìgbà tó tún máa jáde fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ wà nílé, yàrá wà nílé, oníṣẹ́ ni a ń wá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo wà níbẹ̀ tí mò ń fi bébà oníyanrìn ha etí férémù igi náà. Bàbá wà lórí àga rẹ̀. Ariwo àlùmọ́gàjí Bọ̀ọ̀dá ń bọ̀ láti pálọ̀, ó ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́. Àǹtí wọlé, kò kí ẹnikẹ́ni. Gíláàsì tuntun náà ti wà nínú tábìlì, Àǹtí ti tàn án wò lánàá, iná sì ti wà nínú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì sápò. Ó tẹ̀ ba síbi rọ́bà. Ó wá rí i pé sukurudíráfà wà ní òdìkejì tábìlì, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́.

Kí n tó dìde, Bàbá ti dìde. Ó mú un. Ó wò ó bóyá wáyà rẹ̀ há dáadáa. Ó nà án kọjá lórí tábìlì náà, láti ibi tó dúró sí lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Àlùmọ́gàjí dákẹ́. Bọ̀ọ̀dá ti dé ẹnu ọ̀nà, oníbàárà rẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú irun tí wọ́n gé dé ìdajì. Mo ń wo àpò ẹ̀gbọ́n mi. Aṣọ rẹ̀ ń mì bí ẹni pé ẹyẹ wà nínú rẹ̀.

"Ọwọ́ kan," ni Bàbá wí. "Ọwọ́ kan ni kí o fi gbà á, ọmọ mi."

Àǹtí wo ojú Bàbá. Omi ń dà lójú rẹ̀. Ó na ọwọ́ ọ̀tún nìkan, ó sì gbà á.

Ó há orí wáyà mọ́ férémù irin, ó sì ti ẹnu sukurudíráfà bọ abẹ́ rọ́bà. "Tá!" Gbogbo wa fò sókè, oníbàárà Bọ̀ọ̀dá ké "Yéè!" Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni kò mira. Ó yọ́ òjé sí ibi tó sán, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó sì yí lọ síwájú tábìlì.

"Ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, Bàbá."

Bàbá tẹ̀ ẹ́. Ó kùn. Gíláàsì náà mọ́, lẹ́tà aláwọ̀ ewé sì tò wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, orúkọ iléeṣẹ́ omi lókè, àmì kékeré kan sì ń ṣẹ́jú nísàlẹ̀, tó ń dúró de ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́. Bọ̀ọ̀dá lọgun. Mo gbá a mọ́ra, a ti gbàgbé ìjà yàrá. Bàbá fa dúrọ́ọ̀ òwú Ìyá wa, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ pátákó ìtẹ̀wé, ó sì ń fi ìka kan wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ó ń pẹ́. Mo wá rí ìdí tó fi ń pẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló ń lò, òsì rẹ̀ wà nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀.

Àǹtí náà rí i. "Bàbá, ó ti tán," ló wí. "Iná ò lè gbá yín níbẹ̀. Ẹ lè yọ ọwọ́ yín báyìí."

"Fi mí sílẹ̀," ni Bàbá wí, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ lọ.